Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Là Ń Rí: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Kó Irun Ẹ̀yìn Orí Wá Síwájú

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ kó fi pamọ́ di alẹ́, ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin kó jókòó dáadáa.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo pàdé ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí gbogbo wa ń lọ. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi o, àmọ́ ilé rẹ̀ ni mo sùn sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú òyìnbó, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí i gbẹ̀yìn láìsí fìlà lórí. Lọ́jọ́ yẹn ó ṣí fìlà, mo sì rí i pé iwájú orí rẹ̀ tó ti pá tẹ́lẹ̀ ti hu irun. Mo ní, “Háà, Bọ̀dá, ẹ ti padà di ọmọ ogún ọdún o!” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, má tíì yìn mí. Wá wo ẹ̀yìn.”

Ìpàkọ́ rẹ̀ dà bí aṣọ tí kòkòrò ti jẹ. Àmì funfun wínníwínní kún ibẹ̀. Níbì kan irun fọ́n ká, níbòmíràn kò sí irun rárá. Onígbàjámọ̀ wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ńṣe ló dákẹ́.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ló ti lọ ṣe é. Wọ́n gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n fún un ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn máa gbé 4,000 fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà tó bá a sọ̀rọ̀ ní àárọ̀, kò tún rí i mọ́ títí tó fi padà sílé. Ìbéèrè tó bi mí ni mo ń gbé kiri látọjọ́ náà: “Ìwọ tó ń kàwé, wọ́n ní ọ̀nà tuntun ni. Wọ́n ní kò ní àpá. Kí ló wá ṣe orí tèmi?”

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìtàn ni mò ń kà fún oyè ọ̀mọ̀wé. Àmọ́ ohun kan tí ìtàn kọ́ mi ni pé, bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé ọ̀nà kan jẹ́ tuntun, ohun méjì ni kí o bi wọ́n: láti ìgbà wo ló ti di tuntun, orí ta sì ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fi lọ wo ìtàn irun títún gbìn. Ohun tí mo rí rèé.

Ká kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó ń dá irun tuntun fún èèyàn. Irun tó ti wà lórí rẹ náà ni wọ́n ń ṣí nípò. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ lọ sóko iṣu yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀bù la máa ń gé, ẹ̀bù la máa ń gbìn. Ẹ̀bù tí kò bá ní ojú kò ní hù, èyí tí a bá sì ti gbìn kò sí nínú abà mọ́. Ohun tí àwọn oníṣòwò irun ń pè ní graft, ẹ̀bù irun ni: ìwọ̀nba awọ orí tó ní gbòǹgbò irun nínú. Iwájú orí àti àtàrí ni oko tuntun. Ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ orí ni abà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìpàkọ́? Ẹ wo àwọn bàbá apárí tí ẹ mọ̀. Bó ti wù kí orí wọn máa dán tó, irun máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn, á rọ̀gbà yí orí ká láti etí kan dé èkejì. Họ́mónù ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń mú kí gbòǹgbò irun iwájú àti àtàrí máa kéré sí i lára ẹni tó bá jogún ìpárí. Gbòǹgbò irun ìpàkọ́ kì í sábà gbọ́ ti họ́mónù náà. Bó o bá gbé e lọ síwájú, ìwà tó ti ń hù lẹ́yìn náà ni yóò máa hù níbẹ̀. Gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, orí bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò lẹ́yìn ló dá lé.

Ní 1939, dókítà awọ ara kan ní Japan, Shoji Okuda, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ wọn. Ó lo irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, tó mú bí abẹ. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe dónọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Okuda ṣe ń gé awọ tó ní irun jáde, tó sì ń kì í sínú ihò tó ti gbẹ́ síbi tí irun kò sí. Kì í ṣe ọkùnrin apárí ló ń tọ́jú. Àwọn tí iná jó lórí ni, àwọn tí àpá gba irun orí tàbí irun ìpéǹpéjú lọ́wọ́ wọn. Ó ròyìn nǹkan bí 200 èèyàn tó ti ṣe é fún. Ní 1943, ọmọ ilẹ̀ Japan mìíràn, Hajime Tamura, kọ̀wé pé òun ti ń lo ẹ̀bù tó kéré gan-an, tó jẹ́ irun kan sí mẹ́ta péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ó máa tó 50 ọdún kí àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó tún ọgbọ́n yẹn rí.

Kí ló fà á tí wọn kò fi gbọ́? Ogun àgbáyé kejì ń jà, èdè Japan sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi jiyàn pé kò sí àǹfààní nínú kíkọ ìmọ̀ sílẹ̀ ní èdè wa, ẹ má tíì fi èyí ṣẹ́rìí o. Okuda kò ṣẹ̀ nítorí pé ó kọ ọ́ ní èdè rẹ̀. Àwọn tí kò wá a kà ló pàdánù.

Ní New York, dókítà Norman Orentreich bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1952, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Òun ló fi hàn gbangba pé ibi tí irun ti wá ló ń pinnu ìwà rẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Ó gbé awọ tó ní irun lọ sí ibi tó pá, ó tún gbé awọ tó pá lọ sí ibi tó ní irun. Èyí tó ní irun ń hù lọ, èyí tó pá kò hu nǹkan kan. Orí ìmọ̀ yìí ni gbogbo òwò irun gbígbìn ayé òde òní dúró lé.

Ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń kó irun wúwo. Abẹ róbótó tó wọ́pọ̀ nígbà náà fẹ̀ tó mílímítà 4. Irun tó lé ní 10 ló máa ń wà nínú ẹ̀bù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gbìn ín síwájú, á dúró ní ìdì, ìdì, ìdì, bí irun orí ọmọláńgidi. Lẹ́yìn ńkọ́? Ihò róbótó ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n fi ihò náà sílẹ̀ láìrán kó jinná fúnra rẹ̀, kó di àpá funfun. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún wá dàgbà, irun àárín orí wọn ń pá lọ, àwọn ìdì tí wọ́n gbìn síwájú nìkan ló ṣẹ́ kù, àpá ẹ̀yìn sì hàn síta. Nígbà yẹn náà, ọ̀nà tuntun ni wọ́n ń pè é.

Ìyípadà tó tẹ̀ lé e wá láti ojú awò. Ní 1984, John Headington gé awọ orí ní ìbú, ó fi maikirosíkóòpù wò ó, ó sì ṣàlàyé pé irun kì í dá hù lọ́kọ̀ọ̀kan lórí èèyàn. Ó máa ń jáde ní ìdì kéékèèké, irun kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó so ó pọ̀ nísàlẹ̀. Ní 1988, dókítà Bobby Limmer ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìmọ̀ yìí. Dípò kó máa lu ihò káàkiri ìpàkọ́, ó gé awọ kan jáde níbẹ̀, tó gùn tí kò sì fẹ̀, bí ọ̀já. Ó rán ojú ọgbẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó ti maikirosíkóòpù, wọ́n ń la ọ̀já náà sí ìdì kéékèèké gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994. Ní 1995, Bernstein àti Rassman kọ ìwé tó sọ ọ́ di ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé. FUT ni ẹ óò máa rí i pé wọ́n ń pè é.

Látìgbà náà ni irun gbígbìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ irun gidi. Ìdì onírun kan ni wọ́n ń gbìn sí etí iwájú, onírun méjì àti mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú kò fi lè dá a mọ̀. Owó tí wọ́n san fún un ni ilà kan tó fà gbọọrọ láti ẹ̀yìn etí kan dé ẹ̀yìn etí kejì. Bí irun rẹ bá gùn, irun á bò ó. Ẹ̀yin ará, ta ló ń jẹ́ kí irun gùn nínú wa? Ọkùnrin wa tó bá gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú gbogbo ayé ni ilà yẹn wà. Awọ tiwa sì tún wà níbẹ̀: àpá tó máa ń wú sókè, tí àwọn dókítà ń pè ní kélóìdì, wọ́pọ̀ lára àwọn èèyàn dúdú ju ti òyìnbó lọ. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, pàápàá àpá tó bá ń dàgbà sí i lójoojúmọ́.

Torí ilà yẹn ni FUE ṣe dé. Ní Ọsirélíà, dókítà Ray Woods ti ń yọ irun ní ìdì kọ̀ọ̀kan láti ìpàkọ́ ní àwọn ọdún 1990, láìgé ọ̀já kankan. Ní 2002, Rassman, Bernstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé tó sọ orúkọ FUE di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Abẹ róbótó náà ló padà wá, àmọ́ ó ti kéré gan-an: nǹkan bíi mílímítà 1. Wọ́n á fi yí ìdì irun kan ká, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Tó bá jinná, àmì tótòtó ló máa ń kù, tí irun tó yí i ká máa ń bò.

Ibi tí mo ti dúró rèé nígbà tí mo ń kà á. Ọgbọ́n Okuda ni, abajọ! Ohun tí wọ́n ń tà fún ẹ̀gbọ́n mi gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun, ìyá rẹ̀ ti bí i ní 1939. Ohun tó yí padà ni ìwọ̀n ẹnu abẹ.

Ṣùgbọ́n ìwé 2002 yẹn ní ohun kan nínú tí àwọn onípolówó kì í sọ. Àwọn tó kọ ọ́ sọ fúnra wọn pé kì í ṣe gbogbo orí ló gbà á. Wọ́n ní kí dókítà kọ́kọ́ yọ ìwọ̀nba ìdì díẹ̀ wò, kó fi maikirosíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jáde lódindi tàbí abẹ ti gé gbòǹgbò rẹ̀, kó tó ṣèlérí ohunkóhun. Kí ló fà á? Ojú dókítà kò rí inú awọ. Ibi tí irun ti yọ síta ló ń rí, ó sì ń méfò pé bó ṣe dojú kọ lókè náà ló ṣe lọ nísàlẹ̀.

Orí tiwa ló ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Irun wa kì í ṣe òkè nìkan ló ti ń ká. Lábẹ́ awọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Bí abẹ róbótó bá wọlé tààrà lórí irun tó nà, á yí i ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá wọlé tààrà lórí tiwa, á gé gbòǹgbò náà níbi tó ti yà. Ẹ̀bù tí wọ́n gé ojú rẹ̀ nù nìyẹn. Wọ́n lè gbìn ín, wọ́n lè kà á mọ́ 4,000, wọ́n lè gbowó rẹ̀, àmọ́ kò dájú pé yóò hù. Ibi tí wọ́n sì ti yọ ọ́ lẹ́yìn ti ṣófo.

Ẹ má rò pé nǹkan àṣírí ni bí irun wa ṣe ká lábẹ́ awọ. Ní 1988, ọdún kan náà tí Limmer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olùwádìí kan ní Sweden ti fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán gbòǹgbò irun láti oríṣiríṣi ẹ̀yà èèyàn, tó hàn gbangba pé ti èèyàn dúdú lọ́, ti àwọn ará Éṣíà nà. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ni kò fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ní 2011, FDA, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe nílé, fọwọ́ sí róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ ARTAS ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ náà ní kámẹ́rà tó ń wo orí, kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìhà tí irun dojú kọ, àti apá irin tó ń fi abẹ yọ ìdì irun. Iṣẹ́ ìyanu ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọ́n ní ó wà fún àwọn ọkùnrin tí orí wọn ń pá, tí irun wọn dúdú tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, tó sì nà tààrà. Ó nà tààrà! Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò bínú sí wọn, nítorí wọ́n sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn tó ń fi irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún irun tó nà ṣiṣẹ́ lórí irun tó ká, tí wọn kò sì wí nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ sanwó.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe fún wa o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí ẹnì kankan má baà fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù ba ara rẹ̀. Ní 2006, dókítà James Harris kọ̀wé lórí irinṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Wọ́n á fi èyí tó mú la ojú awọ díẹ̀, wọ́n á wá fi èyí tó kújú wọlé, kó lè máa ti gbòǹgbò sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó gé e. Ní 2016, dókítà Sanusi Umar, tó ń ṣiṣẹ́ ní California, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí abẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún irun àwa èèyàn dúdú, èyí tí wọ́n fi wé irinṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Láti 1939 dé 2016, ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 77. Nǹkan mìíràn tún wà tó jẹ́ èrè tiwa. Ìdì irun tó wà lórí wa kò pọ̀ tó ti òyìnbó lórí ìwọ̀n awọ kan náà, àmọ́ nítorí pé irun wa ká, ìwọ̀nba díẹ̀ máa ń bo ilẹ̀ púpọ̀. Dókítà tó bá mọ̀ ọ́n kò ní kó ìdì púpọ̀ kó tó bo iwájú wa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa ń fi iye fa ojú wa mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ iye yìí gan-an ló pa ẹ̀gbọ́n mi lára. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 100,000, èyí ló ń jẹ́ kó dà bíi pé 4,000 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orí ni abà. Ní 1994, dókítà Walter Unger ní Toronto tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Ó wo orí àwọn àgbà ọkùnrin 328 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́ mọ ibi tí irun ṣì wà títí di ọjọ́ ogbó. Ibẹ̀ ló ní kí àwọn dókítà máa kó irun. Ó jẹ́ bí ọ̀já kan ní ẹ̀yìn orí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá wà lókè rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ lè pá lọ́la, yálà ó ṣì wà lẹ́yìn tàbí wọ́n ti gbé e síwájú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, torí pé àwọn bàbá àgbà ló lọ bi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà parí sí, ọwọ́ ẹni tó ti dé ibẹ̀ ló yẹ kó ti gbọ́.

Nínú ọ̀já yẹn, ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré lèèyàn lè yọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó hàn. Gbòǹgbò tí wọ́n bá ti yọ lódindi kì í tún hù níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn gé irun, pé á tún hù. Kò ní hù mọ́. FUE kò yí ìyẹn padà. Ohun tó ṣe ni pé ó pín àpá kan ṣoṣo sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ojú má baà rí i. Ẹni tó bá wá kó o jù, tó kó o pọ̀ sójú kan, tàbí tó jáde kúrò nínú ọ̀já tó dájú, á sọ ìpàkọ́ di oko tí ẹ̀ga ti jẹ. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò ní ilà, òótọ́ ni. Kò ní ilà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpá ló wá ní.

Ìdí mìíràn tó fi rọrùn fún wọn láti kó o jù ni pé FUE kò fẹ́ kí wọ́n rán ọgbẹ́. Nígbà ọ̀já, oníṣẹ́ abẹ gidi ló gbọ́dọ̀ gé awọ, kó sì rán an. Nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tó ń yí abẹ dé, ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbọ̀n lè dì í mú. Ní Istanbul àti ní àwọn ìlú mìíràn, dókítà tó mọṣẹ́ wà, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí orúkọ rẹ̀ kò sì lábùkù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn dókítà irun gbígbìn lágbàáyé, ISHRS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ti ń kìlọ̀ kíkankíkan nípa àwọn ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìṣègùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n pè é ní òwò fàyàwọ́.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má lọ, ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀. Èyí tí etí iwájú orí rẹ̀ bá ti lọ nítorí irun dídì tó le jù tàbí ìsopọ̀ tó wúwo, wọ́n lè gbìn ín fún un, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tó ń fà á tu sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti àárín orí ló ti ń pá, tó ń yún, tó ń ta, kó lọ rí dókítà awọ ara kó tó bá oníṣòwò irun kankan sọ̀rọ̀. Irú ìpárí kan wà tó ń sọ ibi tí irun wà di àpá. Bí iná rẹ̀ kò bá tíì kú, irun tí wọ́n bá gbìn sí i á tún jóná.

Ẹnì kan á ní, ṣé wọn kò lè sọ irun kan di mẹ́wàá ni? Wọ́n ti ń gbìyànjú o. Ní 1999, Colin Jahoda àti Amanda Reynolds ní Durham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi ṣe fíìmù. Tọkọtaya ni wọ́n. Wọ́n mú ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì láti ìdí irun orí ọkọ, wọ́n fi sí apá ìyàwó, irun tuntun sì hù níbẹ̀. Ní 2013, Jahoda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Columbia ní New York tún fi hàn pé bí wọ́n bá jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìdí irun ṣùpọ̀ bí òṣùṣù dípò kó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú àwo, ó máa ń rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyẹn bá bọ́ sí i, abà kò ní tán mọ́. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì di ìtọ́jú téèyàn lè rà. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òun ń tà á, di àpò rẹ mú.

Nítorí náà, kí lèèyàn á ṣe? Mi ò ní kí ẹnì kankan má ṣe é. Irun tèmi náà ti ń sún sẹ́yìn, mi ò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ bó ṣe ń rí láti wo dígí láàárọ̀ kó o tó lọ síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a béèrè. Ta ló máa di abẹ mú, dókítà fúnra rẹ̀ ni àbí ẹlòmíràn? Ṣé yóò yọ díẹ̀ wò ná, kó fi hàn mí bí gbòǹgbò mi ṣe ká? Irinṣẹ́ wo ló ń lò fún irun bíi tiwa? Ìdì mélòó ni yóò ṣẹ́ kù fún mi bí orí mi bá tún pá sí i nígbà tí mo bá pé 50 ọdún? Ṣé kélóìdì wà nínú ìdílé wa? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò hàn yín, fọ́tò orí èèyàn dúdú tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló ń fi iwájú polówó. Ẹ̀yìn ni kí ẹ bèèrè. Ẹni tí kò bá rí fọ́tò ẹ̀yìn fi hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú gbogbo èyí. Mo sọ fún un pé irun ìpàkọ́ tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ àwọn dókítà kan ti ń mú irun àgbọ̀n gbìn sí ibi tí àpá wà lẹ́yìn kó lè bò ó, Umar tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì wà lára àwọn tó ti kọ̀wé lórí ẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n tún fẹ́ kó ìyẹn náà ni?” A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Àbúrò, oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń yangàn kiri. Iwájú ni mò ń rí nínú dígí. Gbogbo yín lẹ̀ ń rí ẹ̀yìn, ẹnì kankan ò sọ fún mi.”

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Òun ló ní kí n kọ èyí, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó tó sanwó. Bí ẹ bá sì rí ohun tí kò dára ní ìpàkọ́ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ o.